Oúnjẹ Ọdẹ Ayé Àtijọ́ àti Ìkòkò Ẹ̀wà Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni ó ti jáde. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí àwọn ará Ìlobùú àti Ifọ́n ti ń bi mí léèrè ní díspẹ́ńsárì nípa oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní paleo. Àwọn kan gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ wọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn rí i nínú tẹlifóònù ọwọ́ wọn. Ìyá kan ní Ifọ́n wí fún mi pé ẹ̀wà kò gbọdọ̀ wọ ilé òun mọ́, nítorí àwọn òyìnbó ti rí i pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ìyá yìí ní, èyí tí ó kéré jù ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bàbá kan ní Ìlobùú tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ pa iṣu, gàrí àti ìrẹsì tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lọ bí ti àtẹ̀yìnwá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yìí ni ó jẹ́ kí n mú kálàmù.

Kí ni oúnjẹ náà? Àwọn tí ń polówó rẹ̀ ní kí ènìyàn máa jẹ ohun tí ọmọ aráyé ń jẹ kí ó tó mọ iṣẹ́ àgbẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ àti àáké. Wọ́n fi ọwọ́ sí ẹran, ẹja, ẹyin, ewébẹ̀, èso orí igi àti àwọn èso oníkóró. Wọ́n ka àgbàdo, ìrẹsì, ọkà bàbà àti búrẹ́dì léèwọ̀. Wọ́n ka ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà léèwọ̀. Wàrà náà kò gbẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà àti oúnjẹ inú ọ̀rá àti inú agolo. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Walter Voegtlin, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1975. Ní 1985, Boyd Eaton àti Melvin Konner gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní New England Journal of Medicine. Ìwé tí Loren Cordain sì tẹ̀ jáde ní 2002 ni ó sọ ọ́ di ohun tí ará ọjà mọ̀.

Àwa ará ìhín kì í ṣe àlejò sí ọ̀rọ̀ ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe àlejò sí èèwọ̀ oúnjẹ. Ta ni yóò pa ìtàn Ìlobùú tí kò ní dárúkọ Erinlẹ̀, ọdẹ tí àwọn àgbà sọ pé ó di odò? Ní Ifọ́n, ìlú Olúfọ́n, ẹni tí ń bọ Òrìṣà-ńlá kì í fẹnu kan ẹmu, ìgbín sì ni oúnjẹ òrìṣà náà. Nítorí náà bí ẹnì kan bá ní òun kì í jẹ tibí, òun kì í jẹ tọ̀hún, n kò ní fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n èèwọ̀ àwọn baba wa kì í sọ pé kí ọmọ ọwọ́ máa fi ebi sùn. Èyí tí ó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a da ìbéèrè bò ó.

Kí n tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí n yìn ín níbi tí ìyìn tọ́ sí i. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà díspẹ́ńsárì wa ní àárọ̀, mo máa ń rí àwọn ọmọ iléèwé tí ń kọjá. Ọ̀kan mú bisikíìtì lọ́wọ́, èkejì mú ìgò mínírà. Ìyá wọn ti fi núdù sínú abọ́ oníke fún wọn fún ọ̀sán. Ìgò mínírà ńlá kan ṣoṣo lè gba ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹnì kan bá bu ṣíbí ṣúgà mẹ́wàá sínú ife ògì ọmọ yín lójú yín, ẹ ó bá a jà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 ní ọjọ́ kan, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí i ṣíbí tíì kan tí a fi ọwọ́ gbá pẹrẹsẹ. Àjọ kan náà ní kí ewébẹ̀ àti èso àgbàlagbà tó gíráàmù 400 lóòjọ́. Ẹ wo àwo tiyín lánàá kí ẹ dá ara yín lóhùn. Magí mẹ́ta nínú ìkòkò ọbẹ̀, kí a tún wá bu iyọ̀ lé e! Bí oúnjẹ paleo bá lè lé mínírà, núdù àti búrẹ́dì funfun jáde nílé ènìyàn, ó ti ṣe iṣẹ́ tí èmi pẹ̀lú ń fi ẹnu ṣe láti ọdún yìí wá tí n kò rí i ṣe tán.

Wọ́n sì ti dán an wò. Ní ilẹ̀ Swídìn, àwọn dókítà tẹ ìwé jáde ní 2007 nípa ọkùnrin 29 tí wọ́n ní àrùn ọkàn. Wọ́n fi oúnjẹ yìí bọ́ apá kan nínú wọn fún ọ̀sẹ̀ 12, apá kejì ń jẹ irú oúnjẹ àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ti ìṣáájú wálẹ̀ dáadáa. Ní 2009 wọ́n tún dán an wò lára alátọ̀gbẹ 13, ó sì ṣe wọ́n ní àǹfààní. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ kà wọ́n: 29 àti 13. Ènìyàn tí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi láàárọ̀ ọjọ́ àjẹsára pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́ ojú dókítà ni wọ́n sì wà, kò sí ọmọ ọwọ́ tàbí aboyún láàárín wọn.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí èmi àti wọn ti já. Wọ́n ní oúnjẹ àwọn baba ńlá ni. Baba ńlá ta ni? Ní 1965, Thurstan Shaw àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wú egungun ènìyàn kan jáde ní Ihò Eléérú lẹ́bàá Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó ti lé ní 11,000 ọdún tí ẹni náà ti kú. Bí ẹnì kan bá jẹ́ ará ayé òkúta ní ilẹ̀ wa, òun ni. Ẹni yẹn kò rí tòmátì rí. Kò rí ata rodo, kò rí gbágùúdá, kò rí kaṣú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn 1492 tí àwọn òyìnbó rí ọ̀nà ibẹ̀, tí àwọn oníṣòwò Potogí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irúgbìn wọn wá sí etíkun wa. Síbẹ̀ ìwé paleo fi ọwọ́ sí tòmátì, ata àti kaṣú, ó wá lé ẹ̀wà jáde, ẹ̀wà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni ó ti ṣẹ̀! Ta ni ó wá jẹ́ àjòjì nínú ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ iṣu pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀lé ìlànà yìí gbà pé iṣu kò dára nítorí ó kún fún ìyẹ̀fun. Ní 2020 àwọn onímọ̀ sọ pé wọ́n rí gbòǹgbò tí a sun nínú iná ní Border Cave ní ilẹ̀ South Africa, ó ti tó 170,000 ọdún. Àwọn ará ayé òkúta ń sun gbòǹgbò jẹ bí a ti ń sun iṣu. Ní Mozambique ẹ̀wẹ̀, ní 2009, wọ́n rí èérún ọkà bàbà lára àwọn òkúta tí ènìyàn lò ní ohun tí ó ju 100,000 ọdún lọ. Ẹ má gbàgbé Kitava, erékùṣù kékeré kan ní ìhà Papua New Guinea. Staffan Lindeberg, dókítà ará Swídìn kan náà tí ó ṣe ìdánwò 2007 tí mo wí, lọ síbẹ̀ lẹ́yìn 1985. Iṣu, ọ̀dùnkún, kókò, èso, àgbọn àti ẹja ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Ó wá àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀ láàárín wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀kan. Wọ́n tín-ín-rín, oko ni wọ́n ń lọ, wọn kì í mu mínírà. Ẹ̀bi ìsanra wa kì í ṣe ti iṣu nìkan. Ẹ̀bi òkèlè tí ó tó orí ọmọdé ni, àti ti ọ̀kadà tí à ń gùn láti ilé dé ẹnu ọjà.

N ó pẹ́ díẹ̀ lórí ẹ̀wà, nítorí òun ni ó ń dùn mí. Òótọ́ ni pé ohun kan wà nínú oríṣiríṣi ẹ̀wà tútù tí ó lè da inú ènìyàn rú, ṣùgbọ́n omi híhó máa ń pa á. Ta ni nínú wa tí ń jẹ ẹ̀wà láìsè? Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi láti alẹ́, ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tuntun sè é títí yóò fi rọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ti rẹ ẹ́, ẹ kò ní fi káún sí i kí ó tó tètè rọ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò sì gbọdọ̀ fi káún ṣeré, nítorí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ ń wá májèlé inú ẹ̀wà, ọwọ́ ènìyàn ni ó fi í sí i. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fọ́n oògùn apakòkòrò sórí àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ní 2019 àjọ NAFDAC ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré dichlorvos ní ọjà gbangba mọ́ nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tí ó bá ń rùn bí oògùn, ẹ má rà á. Ẹ̀wà tí kòkòrò wà nínú rẹ̀ kò yẹ kí ó bà yín lẹ́rù: ẹ fẹ́ ẹ, ẹ ṣà á, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹ bá fẹ́ kó o pamọ́, kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ó dé dáadáa pẹ̀lú ata gbígbẹ díẹ̀ tó.

Kí ni ẹ̀wà ń ṣe lára? Ó ń fún ọmọ ní ohun tí ń mú ara dàgbà, bí ẹran ti ń ṣe. Ó ní èròjà tí aboyún nílò kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa gbẹ. Ẹni tí ó jẹ ẹ̀wà, ṣúgà kì í tètè sáré gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ti ẹni tí ó jẹ ìrẹsì funfun. Irú tí a fi ń se ọbẹ̀ pàápàá, ọmọ ìyá ẹ̀wà ni, inú pódì ni ó ti jáde. Bí a bá tẹ̀lé òfin paleo dé òpin, a ó kó irú pẹ̀lú dànù. Ẹ wo ọbẹ̀ ewédú tí kò ní irú. Èmi kò lè jẹ ẹ́.

Àwọn tí ó dàgbà ní agbègbè wa lè rántí Dókítà David Morley tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni ó ti ń wọn àwọn ọmọ lóṣooṣù, tí ó ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì. Irú káàdì tí a ń fún ìyá ọmọ títí di òní, ibẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Kí ni ó ń wá? Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí a wá ń fi ògì lásán bọ́. Àrùn tí ń mú ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí ń mú irun rẹ̀ pọ́n, Cicely Williams ni ó kọ́kọ́ gbé orúkọ rẹ̀, kwashiorkor, sínú ìwé àwọn oníṣègùn ní 1935 láti inú èdè àwọn Gá ní Gold Coast; ọmọ tí àbúrò lé kúrò lẹ́nu ọmú ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ìdí nìyí tí àyà mi fi já nígbà tí ìyá Ifọ́n yẹn sọ̀rọ̀. Bí ó bá mú ẹ̀wà kúrò, tí ó sì ń fún ọmọ ní ẹran àti ẹja tí ó tó lójoojúmọ́, n kò bá má wí nǹkan. Mo bi í léèrè iye ẹran tí ó ń kan ọmọ náà. Ó na orí ìka kékeré rẹ̀ sí mi.

Owó ni ọ̀rọ̀ náà, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Ìwé tí a kọ fún ẹni tí ẹran kún ilé rẹ̀ kò lè bá ilé ẹlẹ́ni méje mu bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí 2025, nígbà tí ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé de Ìlobùú àti Ifọ́n nítorí ìjà ilẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún rí i. Ta ni ó rí ẹran tútù rà lọ́jọ́ wọ̀nyẹn? Ẹ̀wà àti gàrí inú kẹ́ẹ̀gì ni ilé púpọ̀ jẹ.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ bàbá alátọ̀gbẹ, kí ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan, bí i glibenclamide, àti abẹ́rẹ́ insulin, iṣẹ́ wọn ni láti lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ìwọ̀n tí dókítà kọ, oúnjẹ tí ẹ ń jẹ nígbà náà ni ó fi díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá wá pa iṣu, gàrí àti ìrẹsì tì lójijì, tí oògùn kò sì dín, oògùn yóò máa lé ohun tí kò sí nílẹ̀. Ara yóò máa gbọ̀n, òógùn tútù yóò bo ènìyàn, ebi yóò máa pa á bí ẹni tí ó gbààwẹ̀, ojú rẹ̀ yóò máa ṣú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yóò dàrú. Àwọn ará ilé a máa rò pé ayé ni ó ń ṣe é. Kì í ṣe ayé. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ po ṣíbí ṣúgà mẹ́ta sí mẹ́rin sínú omi fún un lọ́gán, kí ó sì jẹun lẹ́yìn náà. Bí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá yìí ní òógùn tútù ti bo òun lẹ́ẹ̀mejì lóru, òun rò pé ibà ni. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá pé pẹ̀lú kò gbọdọ̀ fi ẹran kún ẹran láìbéèrè.

Nǹkan mìíràn tí mo rí nìyí: àwọn alátọ̀gbẹ wa ti sọ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ di oògùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sàn ju gàrí lọ fún wọn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí òkèlè bá kún àwo títí tí ó fi ń wo ọbẹ̀ láti òkè, ìyẹ̀fun ṣì ni, ṣúgà ni yóò dà nínú ara. Ẹ pín àwo sí ọ̀nà mẹ́rin. Kí ewébẹ̀ gba méjì, kí ẹja, ẹyin, ẹran tàbí ẹ̀wà gba ọ̀kan, kí òkèlè tàbí iṣu gba èyí tí ó kù. Ìwọ̀nba òkèlè náà ni ìkúùkù ọwọ́ yín.

Kí ni kí a sè? Ìkòkò tí mo máa ń júwe fún àwọn ìyá nìyí, ẹni tí ń jẹ paleo àti ẹni tí kò jẹ ẹ́ lè jọ jẹ nínú rẹ̀. Ẹ wá ìgbín mẹ́fà tàbí méje. Ẹ yọ wọ́n nínú ìkarahun, ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ bọ omi ara wọn títí yóò fi tán, ẹ sè wọ́n jinná pátápátá, ìgbín tí kò jinná lè gbé àrùn wọ inú. Ẹ já ewé gbúre tàbí tẹ̀tẹ̀ tí ó kún igbá, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ fi epo pupa ṣíbí ọbẹ̀ méjì sórí iná, ẹ má jẹ́ kí ó pọ́n títí yóò fi máa rú èéfín. Ẹ da ata, àlùbọ́sà àti ẹ̀gúsí tí ẹ gún sí i, kí ó hó, kí ẹ wá da ìgbín àti edé gígún sí i. Edé yìí ni yóò ṣe iṣẹ́ magí. Ewé ni ó kẹ́yìn, kó má pẹ́ lórí iná ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹni tí kò jẹ òkèlè, kí ó bu ọbẹ̀ náà lé iṣu sísè ègé méjì, tàbí kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ lè fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ́. Ẹ kò ní da iná lẹ́ẹ̀mejì.

Fún ẹni tí ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, bọ̀ọ̀lì ẹyọ kan àti ẹja gbígbẹ dára ju búrẹ́dì àti mínírà lọ. Ẹyin sísè méjì, ìbẹ́pẹ tàbí ọsàn, àgbọn díẹ̀, omi. Egungun ẹja wẹ́wẹ́ tí a rún jẹ ni yóò dípò wàrà fún ẹni tí kò mu wàrà. Ọmọ tí ń mu ògì, kí a máa po ẹ̀wà lílọ̀ tàbí ẹja lílọ̀ mọ́ ọn.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti wá ń bi mí pé bí ó bá jẹ́ ti ọdẹ ni, ṣé kí àwọn máa jẹ ẹran ìgbẹ́? Ẹran ìgbẹ́ tí ọdẹ tí ẹ mọ̀ fi ìbọn tàbí pàkúté pa, tí a sè jinná, èmi kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n eku tí ẹ kò mọ ibi tí ó ti wá, ẹ fi í sílẹ̀. Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, irú eku kan tí ọmú rẹ̀ pọ̀ ni ó ń gbé e kiri, ẹni tí ń bó o sì wà nínú ewu. Ẹja tí wọ́n fi oògùn pa nínú odò, ẹ má rà á, bí ó ti wù kí ó pọ́pò tó.

Ẹni tí ó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, kí ó kó gbogbo oògùn rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kí ó mú káàdì rẹ̀ dání, kí ó lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà rẹ̀ kí ó tó dá òkèlè dúró. A ó wọn ṣúgà rẹ̀ ní àárọ̀ kí ó tó jẹun, a ó sì dá ọjọ́ tí yóò padà wá. Ìyá Ifọ́n ti gbé ọmọ rẹ̀ wá sórí ìwọ̀n lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ó ní òun ti ra kóńgò ẹ̀wà kan, ṣùgbọ́n ọkọ òun ni yóò jẹ ẹ́. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ.